Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni, ọ̀fẹ́ sì ni: kí ló dé tí kì í gba gbogbo ọmọ?

Bí a bá gbọ́ pé ìjọba ló ni ilé-ẹ̀kọ́ kan, a máa ń rò pé ẹni tó bá ti wù lè wọ ibẹ̀. LaGuardia ní New York ò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ girama fún orin, ijó, eré orí ìtàgé àti iṣẹ́ ọnà ni. Ọmọ tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe hàn.

Ta ló dá a sílẹ̀?
Fiorello La Guardia, olórí ìlú New York nígbà náà, ló dá ilé-ẹ̀kọ́ orin àti iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ lọ́dún 1936. Ti ijó àti eré dé lọ́dún 1948. Wọ́n so méjèèjì pọ̀ lọ́dún 1961, àmọ́ orí ìwé lásán ni. Ọdún 1984 ni wọ́n tó jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà, nítòsí Lincoln Center, ibùdó ńlá tí wọ́n ti ń ṣe orin, ijó àti eré. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ìjọba ò yàtọ̀ níbikíbi!

Ṣé àwọn òbí ń san owó ilé-ẹ̀kọ́?
Rárá. Owó-orí ló ń gbé e, ọmọ tó ń gbé New York nìkan ló sì lè wọlé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yan ọmọ?
Ilé-ẹ̀kọ́ girama mẹ́sàn-án ni ìlú náà yà sọ́tọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tayọ. Ìdánwò alákọsílẹ̀ kan náà ni mẹ́jọ nínú wọn fi ń gba ọmọ. LaGuardia nìkan ló ń lo àyẹ̀wò ẹ̀bùn. Ẹni tó fẹ́ ṣe eré á há ọ̀rọ̀ eré méjì tí kò jọra sórí, á sì ṣe é bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó ń yàwòrán á kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ, èyí tó fi ojú ara rẹ̀ wò kó tó yà á sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Láti ìgbà kòrónà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń fi iṣẹ́ wọ̀nyí ránṣẹ́.

Ṣé ijó àti orin nìkan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni?
Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìtàn àti Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan, wọ́n sì ń ṣe ìdánwò ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Regents bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Iṣẹ́ ọnà wá gorí gbogbo rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ wọn máa ń gùn. Ibẹ̀ náà ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sílẹ̀ nínú ọgbà láti fi ẹ̀hónú hàn pé àwọn aláṣẹ ń fi ìwé kíkà pa iṣẹ́ ọnà lára. Lójú tèmi, wọn ò jẹ̀bi: tó bá jẹ́ máàkì ìwé ni yóò borí, kí ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún?

Ṣé ó dọ́gba fún gbogbo ọmọ?
Ẹnu ọ̀nà ò gbowó, àmọ́ owó wà nínú ọ̀nà tó débẹ̀. Ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò ní olùkọ́ orin ni yóò bá ẹni tí òbí ti ń sanwó fún olùkọ́ fayolíìnì láti kékeré figagbága. Ti eré sàn díẹ̀, torí ohùn àti ara ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ní Washington, Peggy Cooper Cafritz àti Mike Malone gba ibòmíràn yọ: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ìlú náà níṣẹ́ ọnà lọ́dún 1968, ìyẹn ló sì bí Duke Ellington, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún iṣẹ́ ọnà, lọ́dún 1974. Ẹ̀kọ́ ló ṣáájú, ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e.

Ṣé gbogbo wọn ló ń di ìlúmọ̀ọ́ká?
Rárá o. Òṣèré Timothée Chalamet àti olórin Nicki Minaj jáde ní LaGuardia lóòótọ́, ṣùgbọ́n òṣèré Al Pacino ò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́ eré náà. Ẹ̀ka kan tilẹ̀ wà fún àwọn tí kì í jáde sórí ìtàgé rárá: iná, ohùn àti kíkan ìtàgé ni wọ́n ń kọ́.

Bí ọmọ bá mọ ijó, tó sì tún ń yàwòrán ńkọ́?
Ó lè dán méjèèjì wò. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní àyẹ̀wò tirẹ̀.