Ìpápánu dídùn ilẹ̀ Japan: ṣé ó ṣì lè dé ọ̀dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà?

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2025, Japan Post, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Japan, dẹ́kun gbígba ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Amẹ́ríkà fagi lé àǹfààní tó ń jẹ́ kí ẹrù tí owó rẹ̀ kò ju 800 dọ́là lọ wọlé láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Látìgbà náà ni ìbéèrè ti ń wá lórí wagashi.

Kí ni wagashi gan-an?
Ìpápánu àbáláyé àwọn ará Japan ni, tíì aláwọ̀ ewé ni wọ́n sì sábà ń fi sìn ín. Azuki, ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹ̀wà wa, ló wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n á sè é títí á fi rọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá fi ṣúgà rò ó. Ó máa ń ya ẹni wa lẹ́nu, torí epo àti ata la mọ̀ mọ́ ẹ̀wà.

Ṣé Amẹ́ríkà ti fòfin dè é ni?
Rárá.

Kí ló wá dé tí Japan Post ò fi gba ẹrù mọ́ nígbà náà?
Òfin tuntun náà ní kí ẹni tó ń gbé ẹrù rí sí owó kọ́sítọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ ìlànà bí wọn yóò ṣe gbà á kò tíì yanjú ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Lẹ́tà ṣì ń lọ nígbà náà. Ẹ̀bùn láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹnìkejì, tí owó rẹ̀ kò ju 100 dọ́là, ṣì ń lọ nígbà náà pẹ̀lú. Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni bíi FedEx kò dúró, àmọ́ owó wọn ga.

Èwo ló lè dé láìbàjẹ́?
Omi inú rẹ̀ ni kí ẹ wò, kì í ṣe àwòrán rẹ̀. Kókóró àti àádùn ń pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́ínmọ́ín àárọ̀ lè ti kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti wagashi. Namagashi, àwọn tó rí bí òdòdó tí gbogbo ojú ń wá, ní omi tó tó ìdá 30 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Mo ra daifuku rí, azuki tí wọ́n fi ìrẹsì gígún bò. Nígbà tí mo ṣí páálí rẹ̀, ìrẹsì tí wọ́n fi bò ó ti le gan-an, ẹ̀gbẹ́ kan sì ti bu.

Higashi, èyí tó gbẹ, ni kí ẹ rà, omi rẹ̀ kò ju ìdá 10 lọ. Konpeito wà níbẹ̀: ṣúgà róbótó oníkókó, tí wọ́n lè fi ọ̀sẹ̀ méjì yí nínú agbada gbígbóná. Àwọn Potogí ló gbé e dé Japan. Yōkan náà dára. Azuki, ṣúgà àti kanten, tí wọ́n ń ṣe láti ara ewéko òkun, ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ gé e, ojú rẹ̀ á máa dán bí òkúta odò. Èyí tí wọ́n dì pa lè lo ọdún kan.

Báwo ni mo ṣe máa ka déètì ara rẹ̀?
Ọdún ló ń ṣáájú: 26.03.04 ni ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2026. Bí ẹ bá rí 消費期限, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. 賞味期限 ń sọ ìgbà tí adùn rẹ̀ ṣì pé ni.

Ṣé kí n ní kí ọlọ́jà kọ “ẹ̀bùn” sára rẹ̀?
Ẹ má dán an wò. Irọ́ ni, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó: ṣé owó kọ́sítọ́ọ̀mù ti wà nínú iye yẹn? Ṣé ọlọ́jà yóò fi tó FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, létí kí oúnjẹ náà tó dé?

Ṣé ewu wà nínú jíjẹ ẹ́?
Ẹni tí àlìkámà, sóyà tàbí ẹyin ń bá jà, kó ka ara páálí. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni mochi, ìrẹsì gígún tó ń fà bí iyán. Ó máa ń há àwọn àgbàlagbà lọ́fun ní Japan lọ́dọọdún, pàápàá nígbà ọdún tuntun, ó sì ń pa wọ́n. Bí ìyá yín àgbà bá fẹ́ tọ́ ọ wò, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi gbé e mì.