Ojú dídì nínú fọ́tò sítúdíò oní-fíláàṣì

Ojú dídì jẹ́ àléébù tó wọ́pọ̀ nínú fọ́tò tí wọ́n fi fíláàṣì yà ní sítúdíò. Ẹni tó jókòó lajú sílẹ̀ dáadáa, àmọ́ nígbà tí fọ́tò jáde, ìpéǹpéjú ti bo ẹyinjú, tàbí kó bò ó dé ìdajì bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Iná fíláàṣì ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, àmọ́ ẹ̀bi rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀.

Iná fíláàṣì sítúdíò sábà máa ń tàn láàárín 1/500 sí 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá. Ìpéǹpéjú tí iná bá lójijì kì í tètè gbéra tó bẹ́ẹ̀: ó máa ń gbà tó ìdá 50 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá. Kí ojú tó mira, wọ́n ti ya fọ́tò tán. Láyé ìyẹ̀fun iná, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n máa ń sun kó lè tan ìmọ́lẹ̀ fún fọ́tò, tí Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke gbé jáde ní Jámánì ní 1887, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Iná ìyẹ̀fun máa ń pẹ́ kó tó jó tán, ó sì lè bá ojú níbi tó ti ń dì. Lónìí, ohun tó ṣáájú iná ńlá ló yẹ ká fura sí.

Iná àyẹ̀wò ni àkọ́kọ́. Kámẹ́rà tó wà lórí TTL, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ pinnu agbára iná, máa ń kọ́kọ́ tan iná kékeré láti fi mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, iná ńlá á sì tẹ̀ lé e. Lójú wa, ẹ̀ẹ̀kan náà ni iná tàn, àmọ́ ẹni tó máa ń tètè ṣẹ́jú ti ṣẹ́ ẹ láàárín méjèèjì. Oògùn rẹ̀ ni manual, níbi tí onífọ́tò ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ yan agbára iná, tí kì í ní iná àyẹ̀wò rárá. Ẹni tí kò fẹ́ kúrò lórí TTL lè lo bọ́tìnì tí Canon ń pè ní FEL, tí Nikon ń pè ní FV Lock: iná àyẹ̀wò á dá tàn, ojú á ṣẹ́, á tún là, onífọ́tò á wá tẹ kámẹ́rà.

Ìkejì ni ìfòyà. “Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta” tí àwọn onífọ́tò fẹ́ràn ló ń kó bá wọn, torí ẹni tó ń retí iná á ti fún ojú pọ̀ kí wọ́n tó dé ẹẹ́ta. Ó sàn kí wọ́n ní kó dijú, kó là á nígbà tí wọ́n bá sọ, kí wọ́n sì yà á ní kété tó là á. Yàrá tó ṣókùnkùn náà ń mú kí iná ta ojú, nítorí náà kí wọ́n jẹ́ kí gílóòbù ara fíláàṣì máa tàn. Bí kámẹ́rà bá wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí onífọ́tò gbójú kúrò lára rẹ̀, kó máa wo oníbàárà fúnra rẹ̀. Bí ojú bá dì nígbà tí iná tàn, òun náà á rí i.

Fọ́tò ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ ló le jù. Piers Barnes àti Nic Svenson ti CSIRO, àjọ ìwádìí sáyẹ́ǹsì ìjọba Ọsirélíà, gba Ig Nobel, àmì ẹ̀yẹ fún ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín, ní 2006 lórí ìṣirò rẹ̀: bí èèyàn ò bá pé 20, pín iye wọn sí mẹ́ta bí ìmọ́lẹ̀ bá dáa, sí méjì bí kò bá dáa, iye fọ́tò tó yẹ kí wọ́n yà nìyẹn. Ènìyàn 12 nínú ìmọ́lẹ̀ tó dáa, fọ́tò mẹ́rin. Bí wọ́n bá tó 50, kò dájú pé a lè rí ẹyọ kan tí gbogbo ojú là. Níbẹ̀, onífọ́tò á yọ ojú tó là nínú fọ́tò kan, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn lórí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ yìí rọrùn ní sítúdíò níwọ̀n ìgbà tí iná àti kámẹ́rà kò bá kúrò lójú kan.