Aláìsàn àti dókítà níwájú aṣòfin: kí lẹ fẹ́ sọ?

Bí ẹ bá bá àwa dókítà eegun lọ sí Washington láti bá aṣòfin sọ̀rọ̀ lórí owó ìjọba fún ìwádìí àìsàn eegun àti oríkèé, ẹ má retí ìjókòó gígùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, bó bá pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe aṣòfin fúnra rẹ̀ lẹ máa bá, bí kò ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kan, ọ̀dọ́ tó gbé ìwé sórí itan, tí àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má fojú di í o. Ohun tó bá kọ sílẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ máa gbọ́.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń bi wá ni pé: kí ló kan ìjọba nínú rẹ̀, ṣebí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe orúnkún àtọwọ́dá lówó lọ́wọ́? Ìbéèrè tó dáa ni. Èmi máa ń fi ìwádìí kan dáhùn, èyí tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2002 láti ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Houston. Àwọn 180 tí àrùn aromọléegun ń bá orúnkún wọn fínra ló kópa. Wọ́n ki irinṣẹ́ tín-ín-rín bọ orúnkún àwọn kan, wọ́n fi omi fọ inú rẹ̀ tàbí kí wọ́n ha á mọ́. Ní ti àwọn yòókù, awọ nìkan ni wọ́n là, wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan nínú, wọ́n sì rán an padà. Kò sí aláìsàn tó mọ èyí tí wọ́n ṣe fún òun. Fún odidi ọdún méjì tí wọ́n fi ṣọ́ wọn, ara àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gidi fún kò tù ju ti àwọn tí wọ́n kàn la awọ wọn lọ. Iṣẹ́ abẹ tí àwa dókítà ń ṣe fún ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn lọ́dọọdún nígbà náà nìyẹn! Ta ni nínú àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ọ̀hún ni yóò yọ owó àpò rẹ̀ kí wọ́n lè sọ fún aráyé pé kò wúlò? Owó ìlú ló ṣe é.

Àìsàn oríkèé tún máa ń falẹ̀, nítorí náà ìwádìí rẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín ọdún 2004 sí 2006, NIH, àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, gba 4,796 èèyàn, ẹni ọdún 45 sí 79, kí wọ́n lè máa ya àwòrán orúnkún wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ilé iṣẹ́ apoògùn dá sí owó rẹ̀, mi ò ní fi bò, àmọ́ ìjọba ló ṣagbátẹrù rẹ̀.

Ẹ̀ka NIH tó ni ọ̀rọ̀ wa ni NIAMS, èyí tó ń rí sí àrùn oríkèé, iṣan àti awọ ara, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986. Ìṣúná rẹ̀ ní 2023 kò pé 700 mílíọ̀nù dọ́là, nígbà tí ti NIH lápapọ̀ lé ní bílíọ̀nù 45. Àwọn àgbàlagbà tó ní aromọléegun ní Amẹ́ríkà sì lé ní mílíọ̀nù 50. Ẹ pín in wò: kò tó dọ́là 14 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àrùn awọ ara àti ti iṣan sì tún ń jẹ nínú owó kan náà.

Àbá lásán ni ìṣúná tí ààrẹ ń gbé kalẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ilé aṣòfin méjèèjì ló ni àṣẹ owó. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ìgbìmọ̀ ìpínwó ní ìgbìmọ̀ kéékèèké 12, èyí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ìlera àti ẹ̀kọ́ ló ń pín ti NIH. Bí aṣòfin yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kó bá yín fọwọ́ sí lẹ́tà tí àwọn aṣòfin jọ máa ń kọ sí olórí ìgbìmọ̀ náà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá dúró di oṣù Kẹsàn-án ti pẹ́ jù.

Pé ẹnu aláìsàn ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rí wà. Ìpolongo àwọn obìnrin lórí jẹjẹrẹ ọyàn ló mú kí àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ìwádìí ìṣègùn sábẹ́ ilé iṣẹ́ ológun ní 1992. Abẹ́ ètò yẹn náà ni wọ́n dá ti eegun sí ní 2009, nítorí àwọn ọmọ ogun tó fi apá àti ẹsẹ̀ ṣèṣe ní Iraq àti Afghanistan. Bí bárékè bá wà ní ìpínlẹ̀ yín, ẹ mẹ́nu kàn án.

Ọ̀rọ̀ yín ńkọ́? “Ó ń dùn mí” kò tó. Gbogbo ẹni tó wọlé níjọ́ yẹn ni nǹkan ń dùn. Ẹ sọ pé: “Oṣù mẹ́jọ ni mi ò fi lè gun àtẹ̀gùn ilé mi, ibi iṣẹ́ mi sì ti gba ẹlòmíràn.” Ẹ wá sọ iye tí ẹ ń béèrè àti ẹ̀ka tó wà fún, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ilé ìwòsàn dókítà yín lówó o. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló ń yẹ ìwé ìbéèrè owó wò ní NIH. Àwa dókítà ẹ̀wẹ̀, ẹ jẹ́ ká dín ẹnu kù. Bí yàrá ìwádìí tiwa bá ń gba owó náà, ká yáa sọ ọ́ kí wọ́n tó bi wá.

Àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ẹ gba orúkọ, ẹ kọ lẹ́tà ọpẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì tún pe ọ́fíìsì náà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbé ìrìn àjò Washington lè lọ sí ọ́fíìsì aṣòfin rẹ̀ ní agbègbè rẹ̀ nígbà tí ilé aṣòfin bá wà ní ìsinmi. Èrò kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, kò sì sí pé à ń fi orúnkún tó wú rìn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn nínú Rayburn, ilé ọ́fíìsì àwọn aṣòfin ní Washington.