Ẹni Tó Gbọ́ Ìyàtọ̀ Igbá àti Ìgbà Lè Kọrin

Gbólóhùn tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú sí ìdánrawò wa ni: "Ọ̀gá, èmi ò lóhùn o, mo kàn wá wò yín ni." N kì í bá a jiyàn. Màá ní kó pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún mi: igba, igbá, ìgbà, igbà. Ìyẹn igba náírà, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà òjò, àti igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. N kò tíì rí ẹni tó ṣì í pè. Tó bá pè é tán, màá sọ fún un pé re-re, re-mí, dò-dò àti re-dò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lórin yẹn, láìsí dùùrù, láìsí tíṣà. Etí tó ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀ kò ní àìsàn kankan. Ó kù ká kọ́ ọ̀fun lóhun tí etí ti mọ̀.

Ìbàdàn ni mo ti ń darí ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò, kì í ṣe ti ìjọ kankan. Kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń pàdé nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àwọn àgbàlagbà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Télọ̀ wà níbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, awakọ̀ Máíkírà wà níbẹ̀, àti màmá kan tó ń ta èlùbọ́. Kìrìsìtẹ́nì wà, Mùsùlùmí wà. Àwọn tó mọ sólúfà, ìyẹn dò-re-mí tí a fi ń ka orin, nínú wọn kò ju mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá ń rò ó pé òun fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ládùúgbò tirẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

A kì í fi orin bẹ̀rẹ̀. A ó dìde, a ó na apá, a ó mí kanlẹ̀, a ó wá tú èémí náà jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín eyín bíi táyà tó ń jò. Ẹni tí èémí ẹ̀ bá tètè tán, wo èjìká ẹ̀, wàá rí i pé òun ló ń gbé sókè. Ní kó fi ikùn mí. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wa á pa ẹnu dé, a ó máa kùn bí oyin lórí ohùn kan ṣoṣo, màá sì sọ pé: "Bí o ò bá gbọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ohùn tìẹ ti pọ̀ jù, fà á wálẹ̀." Ìṣẹ́jú méjì péré ni, ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Tí ogún ènìyàn bá ń kọrin tí kálukú ń gbọ́ ara rẹ̀ nìkan, ogún adákọrin lo kó jọ.

Ẹ jẹ́ kí n ta yín lólobó kan. Ẹni tí kò lóhùn kì í fún mi níṣẹ́ tó bí ẹni tóhùn ẹ̀ dùn tó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kì í fẹ́ dín in kù. Lílé ni mo máa ń gbé fún irú wọn, kí wọ́n lè tàn níbi tó yẹ, tó bá wá kan ègbè, wọn á wọ inú agbo.

Ẹni tó ń yà kúrò lójú ohùn ńkọ́? Má pe orúkọ ẹ̀ láàárín èrò. Fi í sáàárín àwọn méjì tó dúró ṣinṣin, má fi í sí ìparí ìlà. Tí ẹ bá wá ku ẹ̀yin méjì, má fún un ní ohùn tìẹ kó máa lépa ẹ̀. Ní kó kọ èyí tó bá wu òun, kí ìwọ wá a lọ síbẹ̀, kí ẹ jọ dì í mú, lẹ́yìn náà kí ẹ jọ máa gùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibi tí a ti gbé orin, bó ṣe ga tàbí bó ṣe lọ sílẹ̀ tó, ni kò bá a mu.

Lórí ọ̀rọ̀ ibi tí a ti ń gbé orin yìí, ojú ti mí rí. Níbi ìsìnkú kan, inú mi dùn jù, mo kàn gbé orin láti orí mi. Nígbà tí a dé ẹsẹ kejì, àwọn obìnrin ti ń pariwo, àwọn ọkùnrin ti fi wá sílẹ̀. Ọmọ olóòkú rọra wá bá mi létí, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an ni, sà, ó tó báyẹn." Láti ọjọ́ náà ni fèrè kékeré tó ń fúnni lóhùn ti ń gbé nínú àpò mi. Kí ẹ tó gbé orin kankan, ẹ wá ibi tó ga jù nínú ẹ̀ àti ibi tó lọ sílẹ̀ jù, kí ẹ ní kí ẹni tóhùn ẹ̀ kò lágbára rárá kọ méjèèjì. Bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó ti rọ gbogbo yín lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ orin ni mo fẹ́ràn jù, ibẹ̀ náà sì ni àwa Yorùbá ti ń ṣàṣìṣe jù. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere mú orin ìsìn wọn dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò fọwọ́ kan ohùn rẹ̀. Ohùn náà kò sì mọ̀ pé òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń yí ọ̀rọ̀ wa padà. O ń kọrin nípa ọkọ̀, ohùn orin gbéra sókè lẹ́yìn, ọkọ́ ni àwọn olùgbọ́ gbọ́, wọ́n ń wá oko tí ẹ ń lọ. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta wà lára àwọn tó tètè ṣe orin tó ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì gba orin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ ọ̀gá akọrin ní Kàtídírà Krístì ní Marina, l'Ékòó, láti 1914 títí di 1962, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá ní 1953. Èmi, ohun tí mo rí mú lò níbẹ̀ kò le: kí a tó kọ orin tuntun, a ó jọ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu lásán, bí ẹni ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ibi tí ohùn orin bá ti lòdì sí i, etí wọn á mú un kí n tó sọ.

Èyí náà ni kò jẹ́ kí n kánjú lọ sí pàátì mẹ́rin, ìyẹn kí ohùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jọ máa kọ orin kan náà. Lílé àti ègbè la fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo yá ọgbọ́n àwọn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Oǹdó. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́, ohùn kan náà ni gbogbo agbo sábà máa ń kọ. Ní ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ dárúkọ, ohùn kejì á máa rìn lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ó ń gun òkè bí èyí bá gùn, ó ń sọ̀ bó bá sọ̀, ọ̀rọ̀ kò sì bàjẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Báàsì, ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, tó bá ń sọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ń gòkè ló ń ba nǹkan jẹ́. Ìyẹn lè dúró di ọdún kejì.

Ọkùnrin kì í pọ̀. Àwọn obìnrin tóhùn wọn wúwo ló ń bá wa gbé ténọ̀, ìyẹn ohùn ọkùnrin tó ga, màmá elélùbọ́ ni olórí wọn. Pàátì kọ̀ọ̀kan ni mo ń gbà sílẹ̀ lórí fóònù, màá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Awakọ̀ wa ń gbọ́ tiẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ní àwọn èrò Bódìjà ti mọ báàsì náà ju àwọn ẹgbẹ́ òun lọ.

Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Gothenburg, lórílẹ̀-èdè Sweden, wọn ìlù ọkàn àwọn tó ń kọrin pọ̀. Wọ́n rí i pé bí wọ́n ṣe ń mí pọ̀ gẹ́gẹ́ bí orin ṣe ń lọ, ọkàn wọn náà ń yára pọ̀, ó sì ń rọra pọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá elélùbọ́, ó ní ṣé ìyẹn ni wọ́n tún gbé ẹ̀rọ lọ wò, pé òun ti mọ̀ látìgbà tóun ti ń sùn dáadáa lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ kan, iná lọ láàárín orin. Òkùnkùn ṣú bolẹ̀, kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ mi mọ́, mo sì dúró kí wọ́n dákẹ́. Wọn ò dákẹ́. Wọ́n kọ ọ́ dópin, wọ́n já a pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dára ju bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lójú mi lọ. Ní báyìí, tí orin bá ti wọ̀ wọ́n lára, màá ní kí wọ́n yíjú sí ara wọn, màá sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ báàsì jù.