Ìwé Àṣẹ Ọtí Títà: Ta Ló Ni Ín?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù bíà ní Ìṣarà-Rẹ́mọ. Gbogbo ọtí tí mo fẹ́ tà ló ní nọ́ńbà NAFDAC. Kí ni káńsù tún ń bèèrè lọ́wọ́ mi?

Ìdáhùn: Ohun tó wà nínú ìgò ni NAFDAC ń yẹ̀ wò, ibi tí ẹ ti ń tà á kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 ka fífúnni ní ìwé àṣẹ ọtí títà, àti bíbójú tó títa rẹ̀, mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti ka ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ àti ilé búrẹ́dì mọ́ ọn. Ọ́fíìsì Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Rẹ́mọ, tó wà ní Ìṣarà níbẹ̀, ni kí ẹ lọ.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ìwé ẹni tó ń ta kéréètì fi yàtọ̀ sí ti ẹni tó to àga síta?

Ìdáhùn: Òfin 1998 lórí owó orí àti àwọn owó mìíràn tí ìjọba ń gbà dárúkọ oríṣi méjì: ọtí tí a ń mu níbi tí a ti rà á, àti ọtí tí a ń rà lọ sílé. Ìyàtọ̀ yìí tọ́ lójú mi, nítorí pé ẹni tó ra bíà tó gbé e lọ kò yọ àdúgbò lẹ́nu, ṣùgbọ́n níbi tí àwọn ènìyàn bá ti jókòó títí di òru, ariwo ẹ̀rọ orin, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti oorun àwọn ọmọ tó wà nílé kejì di ọ̀rọ̀ gbogbo wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá gba ìwé àgbélọ, tí ẹ wá to bẹ́ńṣì sábẹ́ agboòrùn, ẹ ti kúrò nínú àṣẹ yín, bí ẹ kò tilẹ̀ fi ìgò kan kún ọjà. Ọtí tí a fi ṣe àwọn àlejò lálejò lọ́fẹ̀ẹ́ níbi ìsìnkú ní tirẹ̀ kì í ṣe títà.

Ìbéèrè: Ṣé Kábíyèsí tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú lè fún mi ní ìwé náà?

Ìdáhùn: Rárá. Wọ́n lè bá káńsù sọ̀rọ̀, àwọn aládùúgbò náà sì lè kọ ìwé ẹ̀sùn síbẹ̀, ó sì yẹ kí káńsù gbọ́ wọn.

Ìbéèrè: Ọtí inú ọ̀rá ńkọ́?

Ìdáhùn: Láti oṣù kìíní 2022 ni NAFDAC ti dẹ́kun fíforúkọ ọtí inú ọ̀rá tuntun sílẹ̀, àti ti ìgò tí kò tó 200 mílílítà. Ìwé káńsù kò lè fi ọwọ́ sí ohun tí NAFDAC kò fọwọ́ sí.

Ìbéèrè: Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan wá gba owó "láísẹ́ǹsì" ní ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò mi. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá káńsù ló rán wọn?

Ìdáhùn: Òfin 1998 yẹn kọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe aláṣẹ láti gba irú owó bẹ́ẹ̀, ó sì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti dí ọ̀nà nítorí owó orí. Ẹ má ṣe san owó kankan láìgba rìsíìtì tó ní orúkọ káńsù, irú ìwé àṣẹ náà àti ọdún tó wà fún, kí ẹ sì gbé rìsíìtì ọ̀hún lọ sí ẹ̀ka owó ní káńsù kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.