Robert Langer

Robert Samuel Langer, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1948 ní ìlú Albany, ìpínlẹ̀ New York, jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà àti ọ̀jọ̀gbọ́n ní Massachusetts Institute of Technology, tí wọ́n ń pè ní MIT. Ó wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìṣègùn nánò lélẹ̀, ìyẹn ìṣègùn tó ń fi èròjà tí ojú lásán kò lè rí gbé oògùn dé ibi tí àìsàn wà.

Ó gboyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní Cornell lọ́dún 1970, ó sì di ọ̀mọ̀wé ní MIT lọ́dún 1974. Àwọn ilé iṣẹ́ epo fẹ́ gbà á síṣẹ́, kò lọ. Ọ̀dọ̀ Judah Folkman, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Boston, ló gbà lọ.

Folkman gbà pé jẹjẹrẹ kò lè tóbi bí kò bá rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tí yóò máa bọ́ ọ. Kèrékèré kì í ní iṣan ẹ̀jẹ̀, nítorí náà Langer ń ha á lára eegun màlúù, ó ń wá ohun inú rẹ̀ tó ń lé iṣan ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn. Láti dán ohun tó rí wò, ìyẹn purotéènì, ohun náà ní láti máa jò síta díẹ̀díẹ̀ láti inú pólímà, èròjà bí ike. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sọ pé purotéènì ti tóbi jù láti gba inú pólímà kọjá. Langer po méjèèjì pọ̀ títí ihò tíntìntín, tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, fi là sínú pólímà náà, purotéènì sì ń gba ibẹ̀ yọ́ jáde. Òun àti Folkman gbé àbájáde yìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 1976. Síbẹ̀, ìgbà mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ tó bẹ̀bẹ̀ fún owó ìwádìí ni wọ́n dá a padà.

Lọ́dún 1996, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Gliadel, oògùn pẹlẹbẹ fún jẹjẹrẹ ọpọlọ, tí òun àti oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ Henry Brem ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí dókítà bá ti yọ jẹjẹrẹ kúrò nínú ọpọlọ, yóò to nǹkan pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, tó lè tó mẹ́jọ, sí ojú ibẹ̀ kí oògùn máa jáde lára wọn. Lọ́dún 1994, Langer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi PEG, irú pólímà kan, bo hóró nánò, ìyẹn èròjà tíntìntín tó ń gbé oògùn, lára, kí ara má baà tètè gbá a kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

MIT sọ ọ́ di Institute Professor, ipò ọ̀jọ̀gbọ́n tó ga jù níbẹ̀, lọ́dún 2005. Ó wà lára àwọn tó dá Moderna sílẹ̀ lọ́dún 2010, ilé iṣẹ́ tó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà tó jẹ́ pé inú hóró nánò ọlọ́ràá ni wọ́n di mRNA rẹ̀, ìyẹn ìtọ́ni tó ń sọ purotéènì tí ara yóò ṣe, sí.