Ìtàn Ìyà: Oǹdó Ló Yẹ Kí Ìwádìí Ti Bẹ̀rẹ̀

Àwọn ọ̀mọ̀wé a máa sọ pé Èkó ni ìtàn àròsọ nípa ìyà ti bẹ̀rẹ̀ lédè Yorùbá, lọ́dún 1929, nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Aṣẹ́wó tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ ń ké ìrora, àwọn òǹkàwé sì rò pé ènìyàn gidi ni. Àánú àfipágbà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ta ni ọmọ Oǹdó tí kò gbọ́ ìtàn Púpùpù? Ìbejì ni, ìbejì sì jẹ́ èèwọ̀ láàfin nígbà náà, ni wọ́n bá lé ìyá àtọmọ jáde. (Àwọn kan ní ààfin Odùduwà ni, àwọn kan ní ti Aláàfin, ìjà yẹn kì í tán.) N kò tíì gbọ́ àgbà kan tó sọ bí ìyá náà ṣe sunkún tó. Ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ ni wọ́n ń sọ, bí wọ́n ṣe ń figi dán ilẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀dó, àti bí ẹni tí wọ́n lé ṣe wá jẹ Ọ̀ṣemàwé, ọba Oǹdó, àkọ́kọ́, obìnrin ni o! Kò sẹ́ni tó ní ká káàánú, a sì ń káàánú.

Mo fura pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló wọnú àlọ́ tí wọ́n ń pa lábúlé oko wa. Ẹ wo Olúrónbí: ẹlòmíràn jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ fún Ìrókò, òun jẹ́jẹ̀ẹ́ ọmọ. Gbogbo wa la jọ ń gbe orin rẹ̀, ẹnu wa wà nínú ẹ̀jẹ́ náà. Nígbà tí igi bá wá gba ọmọ, ta la fẹ́ dá lẹ́bi? Inú ègbè yẹn, lójú tèmi, ni àánú tó tọ́ sí ìtàn ti ṣẹ̀.

Fágúnwà tiwa, ọmọ Òkè-Igbó, mọ̀ ọ́n. Nínú Àdììtú Olódùmarè, tó jáde ní 1961, ó sọ ìyá akọni náà ní Ìpọ́njúdíran. Wọ́n ní orúkọ náà ń tọrọ ẹkún. Irọ́ ni: ẹ̀rín lorúkọ náà kọ́kọ́ ń pani, ibi téèyàn ti ń rẹ́rìn-ín lebi inú ilé náà ti máa ń ká a mọ́.

Rédíò dé, tẹlifíṣọ̀n dé sí Àkúrẹ́, fíìmù dé, gbogbo rẹ̀ bọ́ sórí fóònù. Báyìí, nínú fíìmù, ọmọ tó ń kiri ẹ̀kọ kò tíì yọ lójú ọ̀nà tí dùùrù ti ń bá a sunkún.